Ara Tí A Ní Ni Kí A Fi Rìn



Bí a bá padà sílé nígbà ọdún, kí a tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni ará ilé ti ń sọ̀rọ̀ nípa ara wa: “O mà sanra o!” tàbí “Kí ló dé tí o rù báyìí?” Ẹni tí ó sọ ọ́ lè má ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà a máa bá ẹlòmíràn padà dé ibi iṣẹ́.

Àwa pàápàá jẹ̀bi. Ní ọjọ́ ìkórè kan, a fi ìyá kan tí ó sanra ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú ìjọ. A béèrè bóyá àga yóò lè gbé e. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣáájú ọjọ́ náà, ó máa ń rìn yí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ká ní ìdájí. Lẹ́yìn rẹ̀, a kò rí i mọ́. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní: “Fádà, bí ẹ̀yin bá lè rí mi bẹ́ẹ̀, kí ni àwọn tí ń kọjá lójú títì yóò máa sọ?” Ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, a sì tún tọrọ rẹ̀ níwájú ìjọ tí ó gbọ́ ẹ̀fẹ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọn kí ó tó lè ṣe eré ìdárayá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Mariam Usman, ọmọ Nàìjíríà wa. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Beijing ní 2008, ó gbé irin láàrin àwọn obìnrin tí ìwọ̀n wọn ju kílò 75 lọ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tí a yọ àwọn kan tí ó borí rẹ̀ kúrò nítorí oògùn tí òfin kà léèwọ̀, àmì-ẹ̀yẹ idẹ di tirẹ̀. Ara ńlá ni ó fi ṣiṣẹ́ náà.

Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú láti máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá níwọ̀nba, kí ó sì máa ṣe èyí tí ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Bí a bá fi ìdajì wákàtí rìn kánmọ́kánmọ́ ní ọjọ́ márùn-ún, 150 ti pé. Bí a bá ń rìn tí a lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí a kò lè kọrin, ìrìn náà tó. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè jókòó sórí àga kí ó máa na apá. Ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí òòyì ń kọ́, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀sín kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí.

Ìyá náà ti padà. Àwọn mẹ́fà mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwa náà ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, nítorí ìyá yára jù wá lọ. Aṣọ rẹ̀ kò tíì tóbi jù ú, ṣùgbọ́n ó ń gun àtẹ̀gùn àwọn akọrin láìdúró mí, ó sì ń gbé orí sókè. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nígbà tí a bá tún padélé, ẹ jẹ́ kí ìkíni wa jẹ́: “A dúpẹ́ pé a fojú rí ọ.” Ó dìgbà kan ná.