Mo padà lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kí n tó dáhùn

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ ti ń bi mí pé ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dókítà yẹn dé. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ tẹ́lẹ̀: Yunifásítì Ìbàdàn fún mi láyè láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Nítorí pé mo ti gboyè nínú físíọ́lọ́jì, 200 level ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Lórí ìkànnì JAMB, kí n gbà tàbí kí n kọ̀ ló kù. Mi ò tíì tẹ ìkankan.

Mo ti débẹ̀ rí, nígbà àyẹ̀wò ìgbaniwọlé. Àmọ́ ẹni tó ń wá àyè kì í wo ilé dáadáa, ojú àwọn tó máa fún un láyè ló ń wò. Torí náà mo padà lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò sọ fún ọ́fíìsì kankan.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, inú ọgbà yunifásítì nìkan ni wọ́n máa ń lọ wò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara. Èmi náà rìn ín já, òórùn fọ́málínì ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n UCH lẹ ti máa lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún yín. 1948 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, 1957 ni wọ́n tó ṣí UCH, ibẹ̀ sì jìnnà sí ọgbà. Mo wọ Micra, a gba Bódìjà lọ.

Ní Alexander Brown Hall, níbi tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn ń gbé, mo rí ẹnì kan tó ti gboyè kan ṣáájú bíi tèmi. Mo bi í bóyá mo ṣì lè máa gbohùn sílẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí oorun sùn ná.”

Ohun tó sọ lẹ́yìn náà ló mú mi lọ́kàn. Ó ní aláìsàn á sọ pé ẹ̀dọ̀ ń rìn òun, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀ á kọ ọ́ pé ẹ̀dọ̀ ló ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ èébì ló ń gbé e. “Àyà ń já mi” kì í sì í ṣe “àyà ń dùn mí.” Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń gbọ́ ohùn èèyàn fún owó oṣù. Mi ò mọ̀ pé wọ́n nílò etí bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Ọmọ ọdún 26 ni mí. Ọdún márùn-ún, ká fi ọdún kan housemanship kún un, ó di 32, bí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì. Ní 2022 nìkan, oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi yanṣẹ́ lódì. (Màmá mi ti ń pè mí ní dókítà ní tiwọn. Ẹ má dá wọn lóhùn.)

Owó ló kù. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò mi ní poly, ó sì ku ọdún kan ààbọ̀ fún un. Lọ́la, èmi àti ẹnìkejì mi ní sítúdíò máa jókòó, bóyá ó lè máa dá ètò yìí ṣe, kí n máa ṣàtúnṣe ohùn láti họ́sítẹ́ẹ̀lì, ká sì pín owó rẹ̀. Bó bá gbà, màá tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọ̀la. Ọjọ́ Ẹtì ni mo fún ara mi dà.