Èló lẹ ná sórí kílò kòkó kan?

Ọ̀rọ̀ owó ni tòní, ó sì kàn mí gan-an.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí kòkó gbówó lórí? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, tọ́ọ̀nù kan kò tó 5,000 dọ́là lọ́jà New York. Nígbà tó máa fi di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó ti kọjá 12,000. Àrùn àti ojú ọjọ́ tó yí padà ló ba oko jẹ́ ní Gánà àti Ivory Coast, kòkó wá wọ́n. Gbogbo wa l'Ékòó la di àgbẹ̀ orí fóònù! Èmi náà fowó ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi, Bàbá Ìdànrè là ń pè wọ́n, pé kí wọ́n fi gba oko kòkó kejì, ká jọ pín èrè.

Kí 2025 tó parí, owó ọ̀hún ti já wálẹ̀ tó ìdajì. Ní Gánà, ìjọba ló ń sọ iye tí àgbẹ̀ máa gbà. Ní tiwa, láti 1986 tí ìjọba ti tú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra irè oko ká, bí ọjà àgbáyé bá ṣe mì ni àgbẹ̀ ṣe ń mì.

Mo dé Ìdànrè lóṣù Kọkànlá. Bàbá ní èrè wà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló lẹ ná sórí kílò kan?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń ka ìyẹn?"

A jókòó. Wọn kì í kọ nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rántí gbogbo ẹ̀: oògùn, epo tí wọ́n rọ sẹ́rọ tí wọ́n fi ń fín in, owó àwọn tó ro oko, àwọn tó ká a, àwọn tó fọ́ ọ, ọkọ̀ tó kó o. Ìyàwó wọn pariwo láti ìdáná pé, "Èmi tí mò ń sá a lóòrùn ńkọ́?" Òótọ́ ni. A ṣírò tiwọn náà mọ́ ọn.

Ìgbà tí a wá ya oko méjèèjì sọ́tọ̀ lojú mi là. Oko àtijọ́ mú 800 kílò, 1,600,000 náírà la ná: 2,000 lórí kílò kan. Oko tí a gbà mú 600 kílò, a ná 3,300,000, owó oko nìkan kó 2,100,000 níbẹ̀: 5,500 lórí kílò kan. Iye tí ẹni tó fẹ́ rà á dá? 5,000.

Àpò kan náà ni owó oko méjèèjì ń wọ̀. Oko àtijọ́ ń bọ́ oko tuntun, kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ta ni màá bínú sí? Iye tí wọ́n ń tà á ni mo rí tí mo fi sáré, n kò béèrè iye tí wọ́n ń ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́ sóko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìṣirò oko kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ fóònù yẹn.

Olóko ti ń béèrè owó ọdún kejì. Tẹ́lẹ̀, Bàbá ì bá kàn san án ni. Wọ́n ti wá mọ̀ báyìí pé bó bá kọjá 1,800,000, tí kòkó sì dúró sí 5,000, òfo ni. Wọ́n lọ dá 1,200,000. Ó ní òun á bá àwọn ọmọ òun sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ná kọ́bọ̀, wọ́n á fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Oko kejì, oògùn, ẹgbẹ̀rún méjìlá." Láàárọ̀ yìí, òmíràn wọlé: "Olóko ti pè. Ó ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Kí lo rí sí i?"

Mo ṣírò ẹ̀. 500 náírà ló máa kù fún wa lórí kílò kan, bí kòkó kò bá tún já. A ò tíì fèsì.