Kí Ọmọ Tó Wọ Ọkọ̀ Òfuurufú

   

Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá lónìí jẹ mọ́ owó. Bóyá ẹnìkan yóò béèrè pé kí ni àlùfáà ń wá nínú ọ̀ràn owó. Ìdáhùn mi ni pé, lára àwọn ẹ̀bẹ̀ tí àwọn òbí ń mú wá sí ilé Ọlọ́run lọ́pọ̀ ìgbà ni èyí: "Bàbá, ẹ bá mi gbàdúrà kí ọmọ mi rí físà gbà, kí ó lè lọ kàwé ní Ìlú Ọba." A ń gbà á, a kò sì ní í ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àdúrà, ó yẹ kí a mú bírò àti ìwé, kí a sì jókòó.

Olúwa wa fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Nínú Ìhìn Rere Lúùkù, orí kẹrìnlá, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́. Kò bá a wí nítorí pé ó fẹ́ ilé gíga. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé kí a ṣírò iye tí yóò ná wa kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ìpìlẹ̀ nìkan ni a ó fi lélẹ̀, tí a ó sì di ẹni ẹ̀sín. Ẹ̀kọ́ gíga ní òkèèrè, ilé ìṣọ́ ni. Ó dára láti fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀.

Kí a fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àpẹẹrẹ. Èkíní ni owó ẹ̀kọ́, èyí tí ó máa ń ju ti ọmọ onílùú lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní í gba apá kan nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fún ọmọ ní ìwé tí yóò fi wá físà. Èkejì ni owó oúnjẹ, owó ilé àti owó ọkọ̀. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba ibẹ̀ ní kí ẹni tí yóò kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù fi £1,529 hàn fún oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí yóò wà níta Lọ́ńdọ̀nù fi £1,171 hàn, títí dé oṣù mẹ́sàn-án. Àròpọ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ £13,761, ti èkejì sì jẹ́ £10,539. Kò sí owó ẹ̀kọ́ nínú èyí rárá. Ẹ sì kíyè sí i pé oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n kà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè másítà sábà máa ń gba ọdún kan gbáko. Ẹ̀kẹta ni owó ìlera. Láti oṣù kejì ọdún 2024, £776 ni fún ọdún kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni a sì ń san pọ̀ nígbà tí a bá ń béèrè físà. Lẹ́yìn náà ni owó físà fúnra rẹ̀, owó àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, owó ọkọ̀ òfuurufú, aṣọ òtútù, àti owó tí onílé ń gbà sílẹ̀ kí ó tó fún ni ní kọ́kọ́rọ́.

Òfin sọ pé owó ẹ̀kọ́ tí ó kù àti owó oúnjẹ yìí gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 láìdínkù, ní orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ti òbí rẹ̀, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni, bàbá ẹni ni. Lójú òfin tiwọn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ìdẹkùn wà. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yá ènìyàn ní owó fún ọjọ́ 28, kí wọ́n gba èlé lórí rẹ̀, kí wọ́n sì kó owó wọn padà nígbà tí físà bá jáde. Àwọn ènìyàn a máa pè é ní ìrànlọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní orúkọ rẹ̀: irọ́ ni. Kì í sì í ṣe ìjọba òyìnbó nìkan ni a ń pa á fún. Ọmọ tiwa ni a ń pa á fún. Owó tí wọ́n ní kí ọmọ fi hàn ni ohun tí yóò fi jẹun, tí yóò fi sùn lábẹ́ òrùlé. Bí owó náà bá padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín, oúnjẹ oṣù mẹ́sàn-án ni ó bá a lọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Bí ó bá dé ọ̀hún, yóò ṣiṣẹ́." Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ìyẹn náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá oyè kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ fún ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 21 di £12.21 fún wákàtí kan. Wákàtí 20 jẹ́ £244.20, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tó £980. Kò tó £1,171 tí ìjọba kà sí owó oṣù kan. Bí ọmọ bá rí iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ó dé pàápàá, kò lè fi bọ́ ara rẹ̀ tán. Níbo ni yóò ti yọ owó ẹ̀kọ́? Bí ó bá sì jí wákàtí ṣe lé e, físà rẹ̀ ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ẹ rántí ọ̀ràn náírà pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, pọ́ùn kan kò tó 600 náírà ní báńkì. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni Báńkì Àpapọ̀ tú okùn tí ó so náírà mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, pọ́ùn kan ti kọjá 2,000 náírà. Ẹni tí £5,000 kù fún láti san, tí ó ti pèsè mílíọ̀nù mẹ́ta náírà, bá a pé ó ti di mílíọ̀nù mẹ́wàá, láìjẹ́ pé ilé-ìwé fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ní ọdún 2024 kan náà, a gbọ́ nínú ìròyìn bí ilé-ìwé gíga kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tí owó wọn kò wọlé lásìkò, tí a sì ní kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ilẹ̀ ni ó yẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, pọ́ùn ni kí ẹ máa fi ṣírò, kí owó ọdún náà sì ti pé kí ọmọ tó gbéra.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ìyá bá kó gbogbo owó òwò rẹ̀ lé ọmọ kan lọ́wọ́, kí ni yóò fi ra ọjà lọ́la? Kí ni àwọn àbúrò tí ó kù nílé yóò fi lọ sí sukúù? Ẹni tí ó bá ní aya tàbí ọkọ gbọ́dọ̀ ṣírò ilé méjì, nítorí láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítà kò lè mú ìdílé wọn dání lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́.

Ǹjẹ́ mò ń sọ pé kí ọmọ tálákà má lọ bí? Rárá o. Ní ọdún 1938, Ẹgbẹ́ Ìbíbíò rán ọmọ mẹ́fà lọ kàwé ní òkèèrè pẹ̀lú owó tí àwọn ènìyàn wọn dá jọ. Wọ́n dá owó kí wọ́n tó rán ọmọ. Wọn kò rán ọmọ tán kí wọ́n tó máa wá owó kiri. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa nínú ìjọ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ náà wà. Chevening ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983, ń san owó ẹ̀kọ́, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ òfuurufú fún ẹ̀kọ́ másítà ọdún kan, fún ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, ó kéré tán. A kì í san owó láti béèrè fún un. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ san án, ẹ sá fún un. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ìwé gíga ìjọba kì í gba owó ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, iye tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi sí báńkì fún oúnjẹ ọdún kan di €11,904. Ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ọ̀fẹ́. Oúnjẹ kì í ṣe ọ̀fẹ́ níbikíbi.

Nítorí náà, ní alẹ́ yìí, ẹ pín ojú ìwé kan sí mẹ́ta. Ní apá kìíní, ẹ kọ ohun tí a ó san kí ọmọ tó lọ; ní apá kejì, ohun tí yóò ná fún oṣù méjìlá; ní apá kẹta, owó ọkọ̀ ìpadàbọ̀ àti owó oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn àfi bí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ bá dé. Ní ìsàlẹ̀, ẹ kọ owó tí ó wà lọ́wọ́. Ẹ má kọ ìlérí. Bí ó bá tó, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá tó, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ẹ fi ọdún kan kún un. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní í gbà kí ọmọ sún ìwọlé rẹ̀ síwájú bí ó bá tètè béèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí owó bá ń tán lọ́wọ́ yín ní ọ̀hún, ẹ sọ fún ilé, ẹ sì lọ bá ilé-ìwé yín kí ọjọ́ ìsanwó tó kọjá. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá pè yín lórí fóònù, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun kí ẹ tó bi í ní owó tí yóò fi ránṣẹ́.

Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù láti ṣírò, àti òtítọ́ láti gba ohun tí ìṣírò bá sọ fún wa. Kí ó ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní àlọ àti ní àbọ̀. Àmín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.