Ọ̀nà Omi Tí A Fi Ọwọ́ Gbẹ́ ní Ilẹ̀ Faransé



Ọ̀rọ̀ tí a ní kí n sọ lónìí dá lórí ìrìnàjò nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì lójú omi àárín ilẹ̀ Faransé. Ọ̀nà omi pọ̀ ní ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ tọ̀, èyíinì ni Canal du Midi, tí ó ti ìlú Toulouse lọ sí ọ̀sà Thau létí òkun Mediterranean, ìrìn 240 kìlómítà. Ẹ má ṣe rò pé odò ni. Ọ̀sà tiwa tí ọkọ̀ ń gbà láti Èkó lọ sí Bàdágìrì, Elédùmarè ni ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n èyí, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni a fi gbẹ́ ẹ.

Pierre-Paul Riquet ni orúkọ ẹni tí ó pète rẹ̀. Iṣẹ́ odò gbígbẹ́ kọ́ ni ó kọ́. Owó orí iyọ̀ ni ó ń gbà fún ọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ronú ṣáájú rẹ̀ pé ìbá dára bí ọjà bá lè ti òkun Atlantic bọ́ sí Mediterranean láìyí gbogbo ilẹ̀ Sípéènì po, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni èrò gbogbo wọn ti ń forí ṣánpọ́n. Òkè wà láàrin, omi kì í sì í gun òkè. Naurouze, tí ọ̀nà náà níláti gbà kọjá, fi 189 mítà ga ju òkun lọ. Níbo ni omi tí yóò máa kún ibẹ̀ yóò ti wá? Nítorí gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kan bá sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà, omi púpọ̀ ni ó ń bá a lọ, kì í sì í padà. Riquet ṣàkíyèsí pé àwọn odò kéékèèké orí Montagne Noire, èyíinì ni Òkè Dúdú, ń ṣàn níbi tí ó ga ju Naurouze lọ. Ó gbẹ́ ojú ìṣàn tí ó kó wọn jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ odi ńlá kan ní Saint-Ferréol ní 1667, kí omi ìgbà òjò lè wà nípamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà.

Ọba Louis Kẹrìnlá ti fi àṣẹ sí i ní 1666. Ìgbà kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó bí 12,000, lọ́kùnrin lóbìnrin. Riquet kó ọrọ̀ ara rẹ̀ lé e títí ó fi wọ gbèsè. Ó kú ní 1680, a sì ṣí ọ̀nà náà ní oṣù karùn-ún 1681. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó bọ́ nínú gbèsè náà. Èmi kì í rántí èyí kí àánú ọkùnrin náà má ṣe mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ ti í gun òkè. A kọ́ yàrá olókùúta sójú ọ̀nà, a sì fi ilẹ̀kùn ńlá sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ìsàlẹ̀ wọlé, a ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, a ó sì ṣí ihò fún omi òkè. Yóò ya wọlé pẹ̀lú ariwo, yóò máa gbé ọkọ̀ sókè títí omi inú yóò fi bá ti iwájú dọ́gba. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn iwájú yóò ṣí wẹ́rẹ́. Ẹni tí ó bá di okùn ọkọ̀ mú gbọ́dọ̀ lójú lára. Bí ó bá so ó pinpin nígbà tí omi ń lọ sílẹ̀, ọkọ̀ yóò rọ̀ sára ògiri bí àdán. Ibi tí a ti ń ṣe èyí lé ní 60. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ògiri ọ̀kan tí a kọ́ gbọọrọ wó lulẹ̀ nítorí ilẹ̀ tí ń tì í. Láti ìgbà náà ni Riquet ti mú kí ògiri wọn tẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Ní Fonserannes lẹ́bàá Béziers, yàrá mẹ́jọ ni ó tò léra wọn bí àtẹ̀gùn.

Nígbà tí reluwé dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀, títí ó fi jẹ́ pé afẹ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń bá lọ síbẹ̀ nísinsìnyí. Ẹni tí kò tukọ̀ rí lè háyà ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kan lẹ́yìn tí a bá ti fi ọ̀nà hàn án. Kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 8 ní wákàtí kan lọ, kí ìgbì má baà wó etí omi. Ẹni tí ń sáré létí odò lè yà á sílẹ̀.

Ní etíkun ọ̀nà náà ni igi ńláńlá tí a ń pè ní platane ti wà tẹ́lẹ̀, bí 42,000, tí gbòǹgbò wọn ń di ilẹ̀ mú, tí òjìji wọn kì í sì í jẹ́ kí oòrùn fa omi gbẹ. Ní 2006, a rí àrùn kan lára wọn, ẹ̀yà olu tí ojú lásán kò lè rí. Igi tí ó bá mú kì í yè. Gígé ni a ń gé e, a ó sì sun ún, pẹ̀lú àwọn tí ó yí i ká. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ọkọ̀ afẹ́ wọnnì wà lára ohun tí ń tàn án kálẹ̀: bí ọkọ̀ bá fara gbún gbòǹgbò, tàbí bí okùn tí a so mọ́ igi bá bó èèpo rẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà ni àrùn ń gbà wọlé. Nítorí náà ni a fi òfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe so ọkọ̀ mọ́ igi. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni a ti gé. Igi oríṣìíríṣìí ni a ń gbìn dípò wọn, kí àrùn kan ṣoṣo má baà lè pa gbogbo wọn mọ́; ṣùgbọ́n ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣì jẹ́ níbi púpọ̀, oòrùn sì ń ràn lórí omi náà gbangba.