Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Ẹ̀jẹ̀ Wa Kí A Tó Yan Aṣọ Ẹbí
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa)



Kí ni ẹ̀jẹ̀? Bí ó ti pupa lójú wa yìí, kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Nínú àgbàlagbà, ó tó nǹkan bí lítà 5. Èyí tí ó ju ìdajì rẹ̀ lọ jẹ́ omi tí ń gbé oúnjẹ kiri ara. Nínú omi náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wà, tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn pupa ń gba afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì ń pín in kiri. Àwọn funfun ni ọmọ-ogun tí ń bá àrùn jà. Àwọn wẹ́wẹ́ kan sì wà tí ń dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣàn tán. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń wá. Sẹ́ẹ̀lì pupa a sì máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ní àrùn tirẹ̀. Ibà a máa ba sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn wá jù ni fòníkúfọ̀ladìde. Sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó rí rìbìtì yóò tẹ̀ bí dòjé, yóò dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, egungun yóò sì máa ro ẹni náà gógó. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kì í lò ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Ní 1910 ni dókítà James Herrick ti Chicago kọ̀wé nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti ń sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí a ń pè wọ́n ní àbíkú.

Èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, mo na ọmọkùnrin kan ní ẹgba nítorí pé kì í wá sí iléèwé nígbà òjò. Ọ̀lẹ ni mo pè é. Ìyá rẹ̀ wá bá mi, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni kò dára, òtútù ni í dá a wólẹ̀.” Mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n n kò lè gba ẹgba náà padà lára rẹ̀.

Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Bàbá ń fún ọmọ ní ìdajì, ìyá ń fún un ní ìdajì. Nínú ọmọ Nàìjíríà 4, nǹkan bí ẹnì 1 jẹ́ AS, ara rẹ̀ sì lè le koko. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 4 ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí: bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, kò ní kí èkejì má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, a ń dí títì Ìsàlẹ̀ Èkó fún ìgbéyàwó, aṣọ ẹbí ni a sì ń kọ́kọ́ yàn. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ṣáájú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ilé-iṣẹ́ Sickle Cell Foundation Nigeria, tí a dá sílẹ̀ ní 1994, wà ní Ìdí-Àràbà níhìn-ín.

Ẹni tí ó ní i, kí ó má sọ ìrètí nù. Alhaja Asiata Onikoyi-Laguda ti Èkó gbé pẹ̀lú rẹ̀ kọjá ọdún 90. Kí a fún wọn ní omi mu dáadáa, kí a fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò wọ́n, kí a má sì fi dókítà ṣeré.

Bí a bá fẹ́ ara wa, ẹ jẹ́ kí a fẹ́ ọmọ tí a ó bí pẹ̀lú. Ire o.