Ìwé Tó Wà Nínú Páálí Kò Tíì Sọ̀rọ̀

  

Mo kó oríkì àwọn agbo ilé kan ní Arámọkọ jọ, mo sì fi owó ara mi tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà 300. Lẹ́yìn ọdún kan, páálí mẹ́rin ṣì wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé àwòrán ìwé náà sórí Facebook pé, “Ẹ wá ra ìwé mi o.” Wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọn kò rà á. Ìyá àgbà tó ki púpọ̀ nínú oríkì náà fún mi sì wọ káà ilẹ̀. Níbi ìsìnkú rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń wá ẹni tó mọ oríkì ilé wọn. Abẹ́ ibùsùn mi ni ó wà. Ojú tì mí.

Ọlọ́jà tó gbọ́n a máa fún oníbàárà ní ọjà tọ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ni I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ṣe. Láti ọdún 1929 ni ó ti ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà. Nígbà tí ó di ìwé ní 1930, àwọn tó ti ń tẹ̀lé e ti wà nílẹ̀.

Èmi náà ní ohùn ìyá náà lórí fóònù mi. Nígbà tí ẹbí fọwọ́ sí i, mo fi ìṣẹ́jú kan péré nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp ilé wọn. Mo kọ ojú ìwé tí ìyókù wà, iye owó rẹ̀, àti gáréèjì tí wọ́n ti lè gbà á, sábẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kan agbo ilé mìíràn. Àwọn ọmọ wa ní Èkó àti Lọ́ńdọ́nù béèrè. Àwọn àgbà kan tún àṣìṣe mi ṣe, mo sì ń kó o jọ de àtúntẹ̀. Páálí kan ṣoṣo ló kù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra. Ohun tó bá jẹ́ awo, kí ó má kúrò ní igbódù. Kí ẹ tó tẹ ìwé, ẹ gba nọ́ńbà ISBN lọ́wọ́ National Library of Nigeria, kí ẹ sì fi ẹ̀dà tí òfin béèrè ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tó wà lórí ayélujára lè pa rẹ́ lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí Ọ̀rúnmìlà kọ̀ láti padà wá sáyé, ikin 16 ni ó fi lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, Alárá àti Ajerò sì wà lára wọn. Ọwọ́ ọmọ ni ó fi í sí, kò fi í sábẹ́ ibùsùn. Ẹ jẹ́ kí á ṣe bíi tirẹ̀.