Pápá Àlejò, Pápá Eléré: Nàìjíríà Nínú Àwọn Ìdíje Àpapọ̀ Àgbáyé

(Ìlù dùndún fún ìgbà díẹ̀, kí ó rọlẹ̀ sábẹ́ ohùn asọ̀tàn.)

ASỌ̀TÀN: Ìwáyà wà létí ọ̀sà, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan kan Màkókó, kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Yunifásítì Èkó ní Àkọkà. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ gba Yábà kọjá lọ sí Sùúrùlérè yóò dé ibi méjì tí ìtàn eré ìdárayá Nàìjíríà kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Èkínní ni Rowe Park ní Yábà, gbàgede tí àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò àti àwọn tó ń gbá tẹníìsì orí tábìlì ti ń fi òógùn kọ́ṣẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Èkejì ni Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè, tí awakọ̀ àti èrò Èkó mọ̀ sí Sítédíọ̀mù, tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ parí ní 1972 nítorí àlejò tó ń bọ̀. Àwọn méjèèjì kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n èrò tó bí wọn yàtọ̀ gidigidi, nítorí pé ibi àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe eléré, ibi kejì sì ni wọ́n ti ń fi eléré han ayé. Láti 1950 tí Nàìjíríà ti ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìdíje àgbáyé, owó ìjọba àti ariwo rẹ̀ ti máa ń tẹ̀ sí ìhà kejì yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìdíje àpapọ̀ tí ètò yìí ń sọ nípa rẹ̀ yàtọ̀ sí Ife Ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù tàbí ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún bẹ́líìtì kan ṣoṣo. Òun ni ìpéjọ tí oríṣiríṣi eré, láti orí ìsáré dé orí ìjàkadì, ti ń wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lábẹ́ àkóso kan náà, tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ń ka iye àmì ẹ̀yẹ wúrà, fàdákà àti idẹ tí àwọn ọmọ rẹ̀ rí gbà. Mẹ́ta nínú irú rẹ̀ ló kan Nàìjíríà jù: Òlíńpíìkì tí gbogbo ayé ń lọ, Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́lì tí ó jẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè tí púpọ̀ nínú wọn ti wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí, àti Ìdíje Gbogbo Áfíríkà.

Nínú Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́lì tó wáyé ní Auckland, ní ilẹ̀ New Zealand, ní 1950, Josiah Majekodunmi gba fàdákà nínú fífò sókè, èyí tí eléré ti ń sáré wá, tí yóò sì fo ọ̀pá tí a gbé dábùú láìjẹ́ kí ó já bọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin mẹ́sàn-án, tí gbogbo wọn jẹ́ asáré tàbí afò, ṣojú Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Helsinki. Karim Olowu, ọmọ Èkó tó ń sáré tó sì ń fò, wà nínú wọn, Majekodunmi náà sì ṣe ipò kẹsàn-án nínú fífò sókè. Ní Helsinki kan náà ni K. D. Jadhav ti gba idẹ nínú ìjàkadì fún Íńdíà, tí ó fi di ẹni àkọ́kọ́ tó dá gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì fún orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn òmìnira 1947. Àfiwé yìí kò ṣàìní ìtumọ̀: Íńdíà ti di olómìnira, ó sì ti gbàlejò Ìdíje Éṣíà àkọ́kọ́ ní New Delhi ní 1951, nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń sáré fún ilẹ̀ tí yóò ṣì wà lábẹ́ òyìnbó fún ọdún mẹ́jọ sí i.

Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́lì Vancouver, ní Kánádà, ní 1954, ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Emmanuel Ifeajuna fo mítà 2.03 nínú fífò sókè, ó sì gba wúrà, òun sì ni ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú ìdíje àgbáyé irú èyí. Bàtà kan ṣoṣo, ti ẹsẹ̀ òsì, ló wọ̀ fò ó. Olowu gba fàdákà nínú fífò gígùn, èyí tí eléré ti ń sáré wá fò sínú yanrìn kí wọ́n tó wọn bí ó ti fò jìnnà tó. Ifeajuna di ológun lẹ́yìn náà, ó wà lára àwọn tó dìtẹ̀ gbàjọba ní oṣù kìíní 1966, ìjọba Bìáfúrà, tó ń bá Nàìjíríà ja ogun abẹ́lé, sì yìnbọn pa á ní 1967. Ìṣèlú ló gbé orúkọ ọkùnrin yìí mì, débi pé ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọlọ́tẹ̀ kò gbọ́ pé ó fo nǹkan kan rí.

Òlíńpíìkì gan-an kò mú àmì ẹ̀yẹ wálé títí di 1964, nígbà tí Nojim Maiyegun, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí wọ́n bí ní Èkó, gba idẹ ní Tokyo. Kì í ṣe ohun ìyanu pé ẹ̀ṣẹ́ ló kọ́kọ́ so èso, nítorí pé eré tí àpò yanrìn kan, ìbọ̀wọ́ mélòó kan àti olùkọ́ alágídí lè gbé ró kò dúró de ìjọba.

(Ìró èrò ní pápá ìṣeré, kí ó ga díẹ̀, kí ó sì rọlẹ̀.)

ASỌ̀TÀN: Ìdíje Gbogbo Áfíríkà kejì kò tilẹ̀ yẹ kí ó wá sí Èkó. Brazzaville ló gba ti àkọ́kọ́ ní 1965, Bamako ní ilẹ̀ Mali ni wọ́n sì yàn fún 1969, ṣùgbọ́n àwọn ológun lé Ààrẹ Modibo Keïta kúrò lórí oyè ní oṣù kọkànlá 1968, ìmúrasílẹ̀ Bamako sì forí ṣánpọ́n. Èkó gbà á, wọ́n sún un síwájú, nígbà tó sì di ọjọ́ keje oṣù kìíní 1973, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, ṣí i ní Sùúrùlérè. Ogun abẹ́lé ti parí fún ọdún mẹ́ta géérégé nígbà náà. Ìjọba fẹ́ kí ayé rí i pé ilé ti tòrò, nítorí náà pápá tí wọ́n kọ́ gba ju 40,000 ènìyàn lọ, ó sì ní odò ìwẹ̀ fún àwọn òmùwẹ̀ àti gbọ̀ngàn fún àwọn eré abẹ́ òrùlé.

Títí di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà, Sùúrùlérè rí àwọn asáré tí ayé ń bẹ̀rù. John Akii-Bua láti Uganda, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wúrà Òlíńpíìkì ní Munich, gba wúrà nínú ìsáré mítà 400 onígi-ìdènà, èyí tí eléré ti ń fo àwọn igi tó dábùú ojú ọ̀nà bó ti ń sáré lọ. Nínú ìsáré mítà 1,500, Filbert Bayi, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Tanzania, fi Kipchoge Keino ti Kenya sẹ́yìn; ọdún kan lẹ́yìn náà, Bayi yìí kan náà ni yóò sáré ju gbogbo ẹ̀dá lọ lórí ìwọ̀n yẹn ní Christchurch. Nàìjíríà gba wúrà bọ́ọ̀lù nígbà tó na Guinea ní àmì ayò méjì sí òdo. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé orúkọ kan ṣoṣo ni ènìyàn máa rántí nínú ìdíje náà, ti Modupe Oshikoya ló yẹ, nítorí pé wúrà mẹ́ta ló gbà: fífò sókè, fífò gígùn, àti ìsáré mítà 100 onígi-ìdènà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gba wúrà fífò gígùn ní Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́lì Christchurch, ohun tí obìnrin Nàìjíríà kankan kò ṣe rí níbẹ̀.

Ní 1973 yìí kan náà ni Ayẹyẹ Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, kí àwọn ọ̀dọ́ láti gbogbo ìpínlẹ̀ lè pàdé lẹ́yìn ogun. Èyí nìkan, lójú ètò yìí, ni ìjọba dá sílẹ̀ nígbà náà fún eléré fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe fún àlejò.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ South Africa dé. Ìgbìmọ̀ Gíga fún Eré Ìdárayá ní Áfíríkà, tí ọmọ Nàìjíríà, Abraham Ordia, jẹ́ ààrẹ rẹ̀, ti pinnu pé ẹnikẹ́ni tó bá bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀ ṣeré yóò fojú winá. Ní 1976, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rọ́gíbì New Zealand lọ sí South Africa, Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì sì kọ̀ láti lé New Zealand kúrò ní Òlíńpíìkì Montreal, ní Kánádà. Àwọn eléré Nàìjíríà ti dé Kánádà, wọ́n ti gbé ẹrù kalẹ̀, kí àṣẹ tó dé pé kí wọ́n padà sílé. Nàìjíríà tún yẹra fún Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́lì Edmonton ní 1978, àti ti Edinburgh ní 1986. Ìdájọ́ ìtàn ti gbè wọ́n lórí ọ̀rọ̀ South Africa. Àmọ́ àwọn tí agbára ẹsẹ̀ wọn wà ní góńgó láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn ló san gbèsè rẹ̀, nítorí pé ara eléré kì í dúró de ìpinnu ìgbìmọ̀.

Ọ̀nà tí àwọn tó kù gbà là ni yunifásítì Amẹ́ríkà, tó ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gba àwọn tó yára. Oshikoya lọ sí UCLA ní Los Angeles, Innocent Egbunike lọ sí Azusa Pacific, Mary Onyali lọ sí Texas Southern, Falilat Ogunkoya, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, lọ sí Mississippi State, Olapade Adeniken sì lọ sí Texas ní El Paso. Idẹ tí Egbunike, Sunday Uti, Moses Ugbisie àti Rotimi Peters gbà ní Òlíńpíìkì Los Angeles ní 1984 nínú ìsáré ẹlẹ́ni-mẹ́rin, èyí tí àwọn mẹ́rin ti ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, jẹ́ ti Nàìjíríà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú ìmúrasílẹ̀ wọn. Èyí kò tí ì yí padà: ọ̀nà El Paso yìí náà ni Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gbà kí ó tó sáré mítà 100 onígi-ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ní 2022, èyí tí obìnrin kankan kò ṣe rí.

Tẹníìsì orí tábìlì nìkan ló kọ̀ láti di ti ilẹ̀ òkèèrè pátápátá. Ní Yábà, Ṣómólú àti Múṣin, káfíńtà àdúgbò ló ń kan tábìlì náà, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sì lè dípò àwọ̀n láàárín rẹ̀; ẹni tó bá pàdánù yóò kúrò fún ẹlòmíràn, ìdí nìyí tí ọmọ kékeré fi ń kọ́ láti má ṣe pàdánù. Nígbà tí eré yìí wọ Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́lì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Manchester ní 2002, Segun Toriola ló gba wúrà ti ọkùnrin ẹlẹ́nìkan. Òun lọ sí Òlíńpíìkì méje, láti 1992 dé 2016. Funke Oshonaike, ọmọ Èkó, náà lọ sí méje, láti 1996 dé èyí tó wáyé ní Tokyo ní 2021, obìnrin Áfíríkà kankan kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

(Orin ìṣẹ́gun fún ìgbà díẹ̀.)

ASỌ̀TÀN: Ọdún 1996, ti Òlíńpíìkì Atlanta, ni ọdún tí gbogbo Nàìjíríà kò sùn. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ, Chioma Ajunwa, ọlọ́pàá tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí fún Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, fo mítà 7.12 nínú fífò rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a mọ́: wúrà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ Nàìjíríà nìyẹn. Íńdíà, tí èrò rẹ̀ pọ̀ ju ti Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, dúró di 2008 kí Abhinav Bindra, ayìnbọn, tó dá gba wúrà tirẹ̀. Ní Atlanta, lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé fífò Ajunwa, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin Nàìjíríà tó ti fi ayò mẹ́rin sí mẹ́ta lé Brazil lọ na Argentina ní mẹ́ta sí méjì, Ogunkoya náà sì ti gba idẹ tirẹ̀ nínú ìsáré mítà 400.

Wúrà kẹta pẹ́ kí ó tó dé. Ní Òlíńpíìkì Sydney ní 2000, àwọn ọkùnrin Nàìjíríà gba fàdákà nínú ìsáré ẹlẹ́ni-mẹ́rin ti mítà 400, lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, jẹ́wọ́ ní 2008 pé òun lo oògùn tó lòdì sófin, Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì sì fún Nàìjíríà ní wúrà náà ní 2012. Sunday Bada, tó sáré nínú wọn, ti kú ní Èkó ní oṣù kejìlá 2011.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìfẹ́ gbígba àlejò kò tán. Abuja gba Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ní 2003, wọ́n kọ́ sítédíọ̀mù mìíràn síbẹ̀, ti Sùúrùlérè sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, tí ilé ọtí àti ìsọ̀ ọjà fi yí i ká. Abuja tún tọrọ Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́lì 2014, Glasgow sì fi ìbò 47 sí 24 borí rẹ̀ ní 2007. Ó tọrọ ti 2030 pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá 2025, Ahmedabad ní Íńdíà ni wọ́n fún, ilẹ̀ tó ti gbàlejò Ìdíje Éṣíà lẹ́ẹ̀mejì àti ti Kọ́mọ́nwẹ́lì fúnra rẹ̀ ní Delhi ní 2010. Kò tí ì sí ìlú Áfíríkà kankan tó gbàlejò Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́lì, nítorí pé Durban tí wọ́n fún ní ti 2022 pàdánù rẹ̀ ní 2017 nítorí ọ̀rọ̀ owó. Ọdún 2034 ni àwọn aláṣẹ ìdíje náà ní kí Nàìjíríà máa fojú sí.

(Ìlù dùndún, títí yóò fi parẹ́.)